Ohùn Bàbá Lubabah

Ọjọ́ tí Taoheed kọ́kọ́ dé Ìdí-Òro ní Múṣín, kì í ṣe ìyàwó ló wá wá. Ohùn ló wá tọrọ.

Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Sùúrùlérè. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù orí fóònù àti ti kọ̀ǹpútà. Òun ló ń kọ ìtàn inú géèmù, òun náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ. Èyí tó sọ wọ́n di olókìkí ni Ibodè Méje. Ẹni tó bá ń gbá géèmù yìí yóò gbé ìwà ènìyàn kan wọ̀, yóò máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, yóò máa bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò sì máa yan ohun tó bá wù ú láti ṣe. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn tó Akọgun Láwúyì, arúgbó jagunjagun tó ń ṣọ́ ibodè keje. Níparí géèmù náà, nígbà tí ogun dé, Akọgun kó gbogbo ará ìlú wọlé, òun nìkan dúró síta, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti òde. Wọn kò rí i mọ́. Àwọn àgbàlagbà tó níyàwó nílé kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé àwọn sunkún.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ ṣe apá kejì. Sylvester, ọ̀gá wọn, sọ nípàdé pé bí Akọgun kò bá ní padà, kí àwọn má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ohùn ló di wàhálà. Alàájì Tìrìmísíyù, oníṣẹ́ àga ní Múṣín, ló ka ọ̀rọ̀ Akọgun nígbà àkọ́kọ́. Sylvester kó àga ọ́fíìsì lọ fún un pé kó bá àwọn tún un ṣe, ó gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń ṣàlàyé fóòmù tó dáa àti èyí tí kò dáa, ló bá bẹ̀ ẹ́ kó wá kàwé fún àwọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi kà á tán, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, wọ́n pè é títí, kò gbé fóònù. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, kò fèsì. Taoheed ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹsẹ̀ ara òun lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó gbà pé kò sí bàbá tí èèyàn kò lè bẹ̀.

Alàájì kó ìṣó wẹ́wẹ́ sẹ́nu, ó ń kan aṣọ mọ́ ẹ̀yìn àga, nígbà tí Taoheed dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó fi orí dá a lóhùn. Taoheed rojọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀: bí àwọn ènìyàn ṣe ń béèrè Akọgun láti Ìbàdàn títí dókè òkun, àti bó ṣe jẹ́ pé kò sí ẹlòmíì tó lè sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá náà tu ìṣó sọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹnu rẹ̀ fi ṣófo.

"Akọgun ti kú," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ohùn náà wọ Taoheed lára ṣinṣin. Ó ti gbọ́ ọ lórí kọ̀ǹpútà ní àìmọye ìgbà, kò tíì gbọ́ ọ lójúkojú rí. Kó tó rí nǹkan sọ, bàbá ti kó ìṣó rẹ̀ padà sẹ́nu, ó sì ti kọjú sí àga.

Taoheed ti rìn jáde sí títì kí ẹnì kan tó pè é látẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan ni, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó fi híjáàbù dúdú borí, ó ń yára bí ẹni tó ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Lubabah lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Alàájì ni, ó sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi pín ìsọ̀ níyà kúrò lára ilé.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbá géèmù yín parí," ó ní. "Ó dáa gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá síbí mọ́."

Taoheed béèrè ìdí. Lubabah ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró sọ, àti pé òun ń lọ sí Ìdí-Àràbà níbi tí òun ti ń tọ́jú aláìsàn. Ó rìn díẹ̀, ó tún dúró, ó ní bó bá ṣì ń fẹ́ mọ̀, ilé oúnjẹ kan wà tó kọjú sí ilé ìwòsàn náà, ibẹ̀ lòun ti máa ń jẹun lọ́sàn-án Sátidé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ yẹn. Taoheed kò mọ ohun tó ń ṣe é tó fi ń ka ọjọ́ títí Sátidé fi pé.

Níbẹ̀ ni Lubabah ti là á yé e. Ọdún mẹ́tàlá ni bàbá òun fi jẹ́ ládàánì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Òun ló ń pe ìrun. Àwọn tó ti kó kúrò ládùúgbò máa ń sọ pé àárò ohùn yẹn ń sọ àwọn ju àárò ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Nígbà tí géèmù jáde, ẹnì kan gé ibi tí Akọgun ti ń pọfọ̀ nídìí ibodè, ó fi orin sí i lábẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí fóònù bọ́ sórí fóònù. Kó tó di Jímọ̀, gbogbo jámáà ti gbọ́ ládàánì wọn tó ń pọfọ̀. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí ránṣẹ́ pè é. Ohun tí wọ́n bá a sọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé, nítorí kò sọ. Ó kàn wọlé, ó gbé aṣọ ìrun rẹ̀ kọ́, kò sì pe ìrun mọ́ láti ọjọ́ náà. Mọ́ṣáláṣí mìíràn, lọ́nà jíjìn, ló ń rìn lọ báyìí, ẹ̀yìn pátápátá ló sì ń dúró sí.

"Bàbá mi ò bínú sí yín," Lubabah ní. "Wọ́n kàn gbé ohùn wọn kúrò nílẹ̀ ni. Àwa tá a jọ ń gbélé náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́."

Ṣíbí Taoheed dúró lọ́wọ́. Òun ló kọ ọfọ̀ náà. Ìlọrin ló wà nígbà yẹn, ó ń sin ìlú, ìdí nìyẹn tí òun àti Alàájì kò fi pàdé. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kọ ọ́, kò tó wákàtí kan, ó sì fi ránṣẹ́ sí Yábàá tayọ̀tayọ̀. Ó yẹ kó sọ ọ́ lórí tábìlì yẹn. Kò sọ ọ́.

Sátidé kan di méjì, ó di mẹ́fà. Àríyànjiyàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lubabah ti lóun kò ní bá a bẹ bàbá òun, ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní kóun má gbọ́ bí Akọgun yóò ṣe padà. Taoheed ti kọ ọ́ pé òkú rẹ̀ ni yóò jí, tí iná yóò máa jó lójú rẹ̀. Lubabah ka ojú ìwé méjì, ó gbé e kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé ó kú?"

Taoheed ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó kú.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ ò wá kà á dáadáa. Kò síbi tí wọ́n ti pa á. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wà lóde. Bàbá yẹn ṣì wà lóde. Kò kàn sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un ni."

Taoheed tún gba ìwé náà. Ọdún mẹ́rin lòun àti ìtàn yìí fi jọ wà, kò fìgbà kan rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó da gbogbo ohun tó ti kọ nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Lubabah fi hàn án. Akọgun wà láàyè. Ó ń gbé láàárín àwọn tó gbógun wá, ó ti kọ́ èdè wọn, irun rẹ̀ ti funfun, ẹni tó bá ń gbá géèmù náà ni yóò sì wá a lọ, tí yóò mú un wálé. Sylvester kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní èyí ni àwọn ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, Taoheed ń lọ sí Ìdí-Àràbà láìmú ìwé kankan lọ́wọ́. Lubabah yóò bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì nítorí pé ẹsẹ̀ ti ń dùn ún látàárọ̀, yóò sì máa sọ ohun tójú rẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù. Taoheed náà yóò máa sọ fún un nípa bàbá tirẹ̀ tó kú nígbà tó wà ní ilé-ìwé girama. Ó mọ ìgbà tó bá rẹ Lubabah, ó mọ ìgbà tí Lubabah bá ń fi ẹ̀rín bo nǹkan mọ́lẹ̀. Kó tó di oṣù kẹta, "ẹ̀yin" ti di "ìwọ" lẹ́nu wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó yí padà nínú àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ tí Lubabah sọ pé òun fẹ́ kó wá kí Àǹtí Làbákẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá òun tó ń ta aṣọ ní Tejuoso, lọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ inú Taoheed kò ṣeé gbé mì mọ́. Ó mọ ohun tí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ó mọ̀ pé bóun bá fi èyí tóun ń fi pamọ́ wọlé tọ àǹtí, irọ́ lòun gbé lọ fún gbogbo ilé. Ó sọ ọ́ fún Lubabah pé òun lòun kọ ọfọ̀ náà.

Lubabah tẹ ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta," ó ní. "Oṣù mẹ́ta lo fi jókòó síwájú mi."

Ó dìde, ó lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi gbé fóònù. Taoheed gbìyànjú láti kọ̀wé, kò rí nǹkan kan kọ. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tóun dákẹ́ nígbà tí ẹ̀bi náà kò tíì wúwo, tóun fi dúró dìgbà tó di ẹrù. Nígbà mìíràn á ní ó ti tán nìyẹn, nígbà mìíràn á ní ẹni tó bínú báyìí kò tíì gbàgbé ẹni. Ní ọjọ́ kejìlá, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Èmi kọ́ lo ṣẹ̀ jù. Lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀."

Ó lọ. Alàájì ń gé fóòmù lọ́jọ́ náà. Taoheed kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, kò fi Ìlọrin ṣàwáwí, kò fi ẹ̀bi sórí ẹni tó gé e sórí fóònù. Alàájì gbọ́ ọ dópin.

"Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó o kọ yẹn?"

"Kò nítumọ̀ kankan sà. Ohun tí ìyá àgbà mi fi máa ń ṣeré fún wa nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ wá ni mo yí padà. Orúkọ igi àti orúkọ ẹyẹ ni gbogbo rẹ̀."

"Nígbà tí mo kà á, mo mọ̀ pé orúkọ igi àti ẹyẹ ni," bàbá náà ní. "Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá sọ fún wọn. Wọn ò bi mí." Ó padà sídìí fóòmù rẹ̀, ó ní kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí Taoheed. Wọn ò bi mí. Dípò kó kọjá sí Yábàá, ó béèrè ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù ibẹ̀, Alífáà Abdullateef, jẹ́ arúgbó tínínrín kan tó máa ń gbọ́rọ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Taoheed ṣàlàyé ara rẹ̀, ó sì gbé ìwé tó kọ ọfọ̀ náà sí lé e lọ́wọ́. Lèmọ́mù lajú, ó kà á. Nígbà tó dé ibi tí àkókó ti ń kí lékeléke kú àárọ̀, ẹ̀rín fẹ́ sọ lẹ́nu rẹ̀, ó fi ikọ́ gbé e mì. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní àwọn kò lé Tìrìmísíyù rí. Òun kàn sọ fún un pé kó sinmi Jímọ̀ méjì kí ariwo lè rọlẹ̀ ni. Ó dìde kí òun tó parí ọ̀rọ̀. Òun rò pé á padà wá. Tìrìmísíyù náà rò pé wọ́n á wá pè é.

"Ọdún mẹ́rin," lèmọ́mù ní. "Àgbà méjì, kò sẹ́ni tó lè rìn dé òpópónà kejì."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àìlà, lèmọ́mù fúnra rẹ̀ rìn wá sí ìsọ̀ Alàájì. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Lubabah wà nílé, ó ń fọ ìrẹsì nínú abọ́. Ìpè ìrun ta jáde láti mọ́ṣáláṣí ní ohùn bàbá rẹ̀. Ó fi ìrẹsì sílẹ̀ nínú omi. Ó pe Taoheed, ó sì dúró kó gbé e. Ó na fóònù náà síta lójú fèrèsé títí ìpè náà fi parí.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Taoheed lọ bá Àǹtí Làbákẹ́ ní Tejuoso pé kó bá òun sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Obìnrin tó mọ aṣọ lójú tó sì mọ èèyàn lójú ni. Ó jẹ́ kó dúró títí òun fi dá àwọn oníbàárà lóhùn tán, ó wá bi í pé kí ló rí lára Lubabah. Taoheed ní gbogbo àwọn tóun ń fi iṣẹ́ òun hàn ló máa ń yìn ín, Lubabah nìkan ló ń sọ fóun bó bá burú. Àǹtí wò ó látòkè délẹ̀, ó ní kó wá sílé àbúrò òun ní Sọ́ńdè.

Ní Sọ́ńdè yẹn, Alàájì kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ìwọ lo wá tọrọ ohùn lọ́wọ́ mi, mi ò fún ọ. O tún dé, o ń tọrọ ọmọ. Bí mo bá fún ọ lọ́mọ lónìí, tí mo wá ń kàwé fún ọ lọ́la, aráyé á ní mo fi ọmọ mi kún ọjà. Ọmọ yẹn gan-an á máa rò ó lọ́kàn. Nítorí náà, yan ọ̀kan. Bó o bá yan ọmọ, o ò gbọdọ̀ dárúkọ géèmù yẹn fún mi mọ́ láyé."

"Ọmọ ni mo yàn sà."

"Lọ rò ó."

"Mo ti rò ó sà."

Alàájì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Làbákẹ́ sì wo òkè àjà bí ẹni pé kò gbọ́. Wọ́n ní kí Taoheed lọ mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Lubabah sìn ín dé ìta. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, Taoheed sì rí i.

"Ká ní bàbá mi ò lóhùn," ó ní, "ṣé o máa padà wá lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn?"

Taoheed ronú kó tó dáhùn, nítorí ó ti rí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe fún un. "Ọjọ́ àkọ́kọ́, ohùn ni mo bá wá. Sátidé tá a kọ́kọ́ jókòó, mo ṣì ń wá ohùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tó di Sátidé keje, mo gbàgbé ìwé sílé, mi ò sì mọ̀ pé mo gbàgbé rẹ̀ àfi ìgbà tí mo padà délé."

"Bí wọ́n bá wá lé ọ níbi iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mà á wá iṣẹ́ mìíràn. Ìwọ ni mi ò lè wá òmíràn."

Lubabah sìn ín kọjá ibi tó ti máa ń yà padà, ó bá a dé ìdí ọkọ̀.

Nílé Taoheed, ìyá rẹ̀ ló kù tí kò tíì gbà. Alàájà Sàúdátù jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Aneesah ló sì ti ní lọ́kàn fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní òun kò sọ pé nǹkan kan ṣe ọmọ Múṣín, òun kàn ń béèrè ni. Lubabah wá kí i lọ́jọ́ kan. Ó rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Alàájà lórí tábìlì, ó bi í bó ṣe ń lò ó, ó sì sọ fún un pé bó ṣe ń lò ó kọ́ ni wọ́n ń lò ó. Alàájà ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tóun ti ń lò ó bẹ́ẹ̀. Lubabah fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣì í lò, mà. Alàájà lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ìgbà tó dé, ó pe ọmọ rẹ̀. "Ọmọ yẹn lágídí," ó ní, "ó sì jàre. Lọ mú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ká lọ rí wọn."

Ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Taoheed sọ fún Sylvester pé òun kò lè bẹ Alàájì mọ́, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Sylvester jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní òun kò lè bínú sí ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èèyàn mẹ́rìnlá wà lórí Akọgun. Wọ́n gbìyànjú ohùn ọkùnrin mẹ́rin. Wọ́n mú èyí tó sàn jù nínú wọn, wọ́n fi fídíò kékeré kan síta kí àwọn èèyàn lè tọ́ ọ wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì ti pọ̀ ju bí wọ́n ṣe lè kà lọ, ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ń sọ: Ta nìyí? Akọgun wa dà? Wọ́n sún ọjọ́ tí géèmù yóò jáde síwájú. Taoheed ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń tún ìtàn náà kọ kí ọ̀rọ̀ Akọgun lè dín kù. Bó bá dé Múṣín, ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ gbà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló ń sọ. Kò dárúkọ géèmù. Lubabah ti rí gbogbo èsì náà lórí fóònù tirẹ̀. Ó mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń gbé mì nítorí òun, iyèméjì tó kù lọ́kàn rẹ̀ sì lọ wẹ́rẹ́.

Alífáà Abdullateef ló so yìgì wọn, ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, lọ́sàn-án Sátidé kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀. Nígbà tó kan Alàájì láti sọ pé òun fi ọmọ òun fún Taoheed, ó sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, síbẹ̀ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà níta gbọ́ ọ. Lubabah wọ aṣọ tí Àǹtí Làbákẹ́ fúnra rẹ̀ yàn fún un. Alàájà Sàúdátù jókòó tì í, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò síbi tó yẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí ní Yábàá. Alàájì Tìrìmísíyù wọlé, Àǹtí Làbákẹ́ tẹ̀ lé e. Taoheed sáré dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó rò pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nílé.

"Dìde," bàbá ní. "Mo ní o ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ fún mi. Mi ò sọ pé èmi ò lè dárúkọ rẹ̀ fún ọ."

Taoheed dìde dúró.

"O yan ọmọ, o sì dúró lórí rẹ̀. Mo ń wò ọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ mọ́ pé ohùn lo fẹ́." Ó fa àga kan, ó tẹ tìmùtìmù rẹ̀ wò kó tó jókòó lé e. "Ẹnì kan fi ohun tí ẹ gbé síta yẹn hàn mí ní mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin yẹn, kí ló ń pariwo fún? Ẹni tó ń ṣọ́ ibodè kì í pariwo."

Ó ní òun kò ní pọfọ̀, òun kò ní wá ní ọjọ́ Jímọ̀, òun sì fẹ́ ka ìtàn náà tán kóun tó la ẹnu. Sylvester gba gbogbo rẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n tẹ ìtàn náà sórí ìwé fún un. Ó fi gbogbo àárọ̀ kà á, awò wà lójú rẹ̀, Àǹtí Làbákẹ́ sì ń sùn díẹ̀díẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Taoheed pe ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí Lubabah dé láti Ìdí-Àràbà, bàbá rẹ̀ ti wà nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀rọ wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó kù sì ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ibi tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí gbogbo èèyàn ń dúró dè. Ibodè keje ti ṣí. Akọgun Láwúyì wọlé, gbogbo ìlú tò síwájú rẹ̀. Ogójì ìlà ni Taoheed kọ fún un níbẹ̀, kò sì sí ibì kan nínú géèmù náà tó ṣiṣẹ́ lé lórí tó bẹ́ẹ̀. Alàájì wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ọdún mélòó ló fi wà lóde?" ó béèrè.

"Méje sà."

"Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn tó ń dúró yìí?"

"Wọ́n wà níbẹ̀ sà."

Ó mi orí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó yí ìwé náà dojú dé, ó sì sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ẹ ti jẹun?" ó ní.

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó fẹ́ mọ̀ bó ṣe rí. Sylvester ti kọjú sí ògiri. Àǹtí Làbákẹ́ ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

Taoheed mú bírò. Lubabah fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀dà ìtàn tó wà lórí orúnkún rẹ̀ mú fún un, Taoheed sì fagi lé ogójì ìlà náà látòkè délẹ̀.